Ìrora Lọ, Àrùn Kò Lọ: Bí Mo Ṣe Wọn Àgbo àti Oògùn Òyìnbó Wò fún Làkúrègbé Mi

Iṣu ewùrà ni mo ń rin lọ́wọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà ní ara mi. Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2018, ní ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn àbúrò ọkọ mi sì ń bọ̀ wá jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́sàn-án. Mo di ewùrà náà mú bí mo ti ń dì í mú láti kékeré, mo gbé e lé páànù oníhò, ṣùgbọ́n àwọn ìka mi kò ká. Wọn kò ní egbò, n kò sì fi wọ́n gbá nǹkan kan. Wọ́n kàn le gbagidi ni. Ìka méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ti wú ní oríkèé tó so wọ́n mọ́ àtẹ́lẹwọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọwọ́ kejì sì rí. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, mo jókòó tì í fún bíi wákàtí kan kí wọ́n tó rọ̀. Ọmọ mi obìnrin ló rin ewùrà náà tán.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níhìn-ín, ẹfun ìkọ̀wé kò sì kúrò lọ́wọ́ mi láti ọdún 1999, nítorí náà ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé iṣẹ́ ló fà á. Màmá mi ní òtútù òjò ló wọ inú egungun mi, wọ́n sì fi òrí àti àdín ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kí n máa fi para. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n fẹ́ràn mi dénú, pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní àìsàn tí ó bá mú ọwọ́ ọ̀tún tí ó sì tún mú ti òsì ní ibi kan náà kì í ṣe ojú lásán. N kò rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ wọn nígbà náà, n kò sì ní rẹ́rìn-ín sí i nísinsìnyí, nítorí pé ohun tí wọ́n ṣàkíyèsí yẹn, pé ọwọ́ méjèèjì ni ó mú bákan náà, ni dókítà kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn ní oṣù 16 lẹ́yìn náà.

Ní oṣù 16 yẹn, àgbo ni mo gbójú lé. Mo fẹ́ sọ èyí láìfi bò, nítorí pé wọ́n sábà máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé òpè nìkan ní í lọ sọ́dọ̀ alágbo. Mo ti kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n fún mi ní oògùn ìrora tí mo lò títí tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí ta mí, wọ́n sì ní kí n padà wá bí ó bá tún dé. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan ìka mi, kò sì sí ẹni tí ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìyá tí wọ́n ń ta egbòogi ní Ọjà Òkè-Ajé ni wọ́n gbé ọwọ́ mi lé itan wọn, tí wọ́n tẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan wò, tí wọ́n béèrè àkókò tí ó máa ń le jù, ohun tí mo ń jẹ, bí oorun mi ṣe rí, àti bóyá nǹkan oṣù mi ṣì ń wá déédéé. A lo bíi ìṣẹ́jú 40 lórí àpótí ìjókòó wọn. Fún ẹni tí ó wà nínú ìrora tí àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbà gbọ́, kí ènìyàn fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀ báyìí ti jẹ́ ìtura ńlá.

Àgbo tí wọ́n dì fún mi ní ata ilẹ̀, ata ilẹ̀ pupa, ewé dógóyárò, èèpo igi méjì àti egbò kan tí wọn kò dárúkọ fún mi. Wọ́n ní kí n fi omi se ìdajì, kí n rẹ ìdajì yòókù sínú ògógóró, kí n máa mu ife kékeré kan láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jí, mo sì rí i pé mo lè de bọ́tìnnì aṣọ mi láìpe ẹnikẹ́ni. Mo gbé gàrí kóńgò mẹ́ta lọ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé mo mu àgbo. Irú làkúrègbé tí ó mú mi, èyí tí wọ́n ń pè ní rheumatoid arthritis, kì í dúró sójú kan. Ó máa ń ru, ó sì máa ń rọlẹ̀. Ó lè rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan láìjẹ́ pé a ṣe ohunkóhun sí i. Nígbà tí ó bá ru dé góńgó ni a máa ń sáré wá ìtọ́jú kiri, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú sábà máa ń jẹ́ ìgbà tí ó ku díẹ̀ kí ó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá wà lọ́wọ́ wa ní àkókò náà ni a ó gbé oríyìn fún. Nígbà tí tèmi tún ru ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, mo ní ẹran ìgbẹ́ tí mo jẹ níbi òkú kan ló fà á. Nígbà tí ó rọlẹ̀, mo ní àgbo ni. Mo ti gbé ìdájọ́ náà kalẹ̀ lọ́nà tí àgbo kò fi lè jẹ̀bi láé, ẹni tí ó bá sì ń dájọ́ báyìí kò lè rí òtítọ́, ìbáà ṣe ewé ló wà níwájú rẹ̀, ìbáà ṣe hóró oògùn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, ẹnìkan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ mú àgúnmu kan wá fún mi. Inú ọ̀rá funfun ló wà, kò ní orúkọ, kò ní nọ́ńbà, ọwọ́ ọkùnrin kan tí ó máa ń wọ ọkọ̀ èrò kiri ni wọ́n ti rà á. Mo bu ṣíbí kan sínú ẹ̀kọ gbígbóná. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìrora ti lọ pátápátá, bí ẹni pé kò wá rí. Ní oṣù Kẹjọ, mo bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mi jáde níbi Ojúde Ọba, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi wé gèlè mi. Fọ́tò ọjọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ojú mi rí rogodo, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún, gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé mo ti sanra, pé ara ti ń balẹ̀. Ara kò balẹ̀. Nígbà tí àgúnmu náà tán ní oṣù Kẹsàn-án, tí a kò sì rí ọkùnrin náà mọ́, kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí n kò fi lè dìde lórí ibùsùn. Orúnkún, ọrùn ọwọ́, èjìká, gbogbo wọn wú lẹ́ẹ̀kan náà, ó rẹ̀ mí, ojú ń ṣú mi, bàbá àwọn ọmọ mi ló sì ń gbé mi lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Dókítà tí mo bá nílé ìwòsàn ńlá ní oṣù Kẹwàá kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Wọ́n wo fọ́tò Ojúde Ọba náà lórí fóònù mi pẹ́ ju bí wọ́n ṣe wo ọwọ́ mi lọ. Wọ́n ní, “Mà, ojú yín yìí, oògùn ló wú u.” Wọ́n ṣàlàyé pé láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn ni wọ́n ti bá oògùn òyìnbó bíi dexamethasone, prednisolone tàbí diclofenac nínú àgúnmu tí wọ́n ń tà fún ìrora oríkèé gẹ́gẹ́ bí ewé àti egbò lásán. Méjì àkọ́kọ́ yẹn máa ń pa ìwúlé kíákíá, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá lò wọ́n pẹ́, wọ́n máa ń mú ojú wú, wọ́n ń mú kí egungun gbẹ, wọ́n sì lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀yà ara kékeré tó jókòó sórí kíndìnrín, tí ó ń pèsè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ara, yóò ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ó rí i pé ẹlòmíràn ń bá òun ṣe é. Bí a bá dá oògùn náà dúró lójijì, ara kò ní ní èyí tí yóò lò, ó sì lè gba ẹ̀mí. Ẹni tí ó ń lo prednisolone látọwọ́ dókítà ni wọ́n máa ń sọ fún pé kí ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ta ni yóò sọ fún ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń lò ó?

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi fún oríṣi àyẹ̀wò mẹ́rin, títí kan èyí tí wọ́n ń pè ní anti-CCP, tí ó ń wá àmì irú làkúrègbé yìí nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ya fọ́tò egungun ọwọ́ mi. Àwòrán náà ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ní etí egungun ìka mi, ihò kéékèèké mẹ́ta wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣa obì ní Sábó Ṣàgámù yóò mọ bí obì tí kòkòrò ti wọ̀ ṣe máa ń rí: lójú òde ó ń dán, ojú ihò náà kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n bí o bá là á, inú ti lọ. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn yìí. Àwọn sójà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa láti bá kòkòrò àrùn jà ni wọ́n ṣi ojú mú, tí wọ́n dojú ìjà kọ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo inú oríkèé. Awọ náà yóò wú, yóò nípọn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ kerekere àti egungun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe òtútù, kì í ṣe ẹfun, kì í sì í ṣe ohun tí mo tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin ni ó ń mú jù, ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta iye àwọn ọkùnrin.

Mo béèrè ìgbà tí ihò wọ̀nyẹn ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti máa ṣẹlẹ̀ láti bíi ọdún kan sẹ́yìn, títí kan àwọn oṣù tí n kò ní ìrora rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yí ọkàn mi padà, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń ka ìwé yìí mú dání: ìrora àti àrùn kì í ṣe ohun kan náà. Ohun tí ó bá mú ìrora lọ lè fi àrùn sílẹ̀ níbi tí ó ti ń jẹun. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń wọn ìtọ́jú kan wò lónìí, ìbéèrè mi kì í ṣe “Ṣé ó ń mú ara tù mí?” nìkan. Mo máa ń béèrè bóyá ó ń dá ọwọ́ ohun tó ń jẹ egungun dúró, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀, àti ẹni tí yóò yẹ ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ mi wò láti mọ̀ bóyá ó ń pa mí lára.

Oògùn òyìnbó náà ní láti dáhùn, n kò sì gbà á láìjanpata. Methotrexate ni wọ́n kọ fún mi. Nígbà tí mo kà pé oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe, ẹ̀rù bà mí gidigidi, Màmá mi sì sunkún. Òtítọ́ ni pé ní ìparí àwọn ọdún 1940 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún làkúrègbé kéré púpọ̀ sí tijẹjẹrẹ, ọdún 1988 sì ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún làkúrègbé. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni à ń lò ó. Àwọn tí ó ṣèèṣì ń lò ó lójoojúmọ́ ti kú nítorí rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni tèmi: hóró kékeré mẹ́fà, aláwọ̀ ìyeyè, tí kò tó èkùrọ́. Folic acid tí mo ń lò ní ọjọ́ mìíràn kí ẹnu mi má bàa bó tún jẹ́ hóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè, nítorí náà mo fi ọ̀kan sínú agolo mílíìkì, mo fi èkejì sínú ìgò ìpara, mo sì kọ “ÀÌKÚ NÌKAN” gàdàgbà sára agolo náà pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Kò ṣiṣẹ́ kíá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, kò sí ìyàtọ̀, èébì ń gbé mi ní gbogbo ọjọ́ Ajé, irun mi sì ń já. Ẹni tí ó ti lo àgúnmu ọlọ́jọ́ méjì ló mọ bí ó ti ṣòro tó láti dúró de oògùn olóṣù mẹ́ta. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹwàá, mo ṣàkíyèsí pé òwúrọ̀ mi ti ń kúrú. Líle tí ó máa ń gba wákàtí méjì kí ó tó rọ̀ ti di ìdajì wákàtí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó ń fi ìwúlé hàn sì ń lọ sílẹ̀. Ohun tí àgbo kò ní nìyẹn. Oògùn yìí ní nọ́ńbà kan tí kò gbọ́ ti ìfẹ́ mi, tí kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́.

Àwọn oníṣègùn òyìnbó pàápàá ti ṣe àṣìṣe tí mo ṣe. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1948, dókítà Philip Hench fún obìnrin kan tí làkúrègbé ti dè mọ́ ibùsùn ní ohun tí a wá ń pè ní cortisone ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, láàárín ọjọ́ mélòó kan obìnrin náà dìde, ó sì rìn. Ọdún 1950 ni wọ́n fún òun àti àwọn méjì mìíràn ní ẹ̀bùn Nobel. Nígbà tí ó yá ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí wú, tí egungun bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, tí wọ́n sì rí i pé ìyanu náà ní gbèsè. Ìran oògùn yẹn kan náà ni dókítà mi rí ní ojú mi. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n kọ gbèsè náà sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì wà nínú ìwé pélébé tí ó wà nínú páálí oògùn. Ẹni tó ta àgúnmu fún wa kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Mi ò fara mọ́ ọn rárá pé ewé ni ọ̀tá hóró oògùn. Hydroxychloroquine, tí wọ́n fi kún oògùn mi lọ́dún 2020, ìbátan chloroquine tí ó máa ń yún wa lára nígbà ibà ni, àwọn méjèèjì sì wá láti inú ìmọ̀ nípa kúnìnì, tí wọ́n ń rí nínú èèpo igi kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Oògùn ibà tí Nàìjíríà yí sí ní ọdún 2005, láti ara ewé kan tí àwọn ará Ṣáínà mọ̀ látayébáyé ni ó ti wá, Tu Youyou tí ó yọ agbára rẹ̀ jáde sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Ewé Ìjẹ̀bú náà lè ní irú agbára bẹ́ẹ̀ nínú. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí a sẹ́ ẹ, kí a wọ̀n ọ́n, kí a tó gbé ọwọ́ ènìyàn lé e lórí. (Ní oṣù Kẹta ọdún 2020 kan náà, nígbà tí ariwo gba ayé pé chloroquine ń wo kòrónà, mo wá hydroxychloroquine mi kiri láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù, n kò rí hóró kan.)

Mo padà lọ bá ìyá tí wọ́n ń ta egbòogi ní Òkè-Ajé. Mo rò pé inú yóò bí wọn. Mo ṣàlàyé pé methotrexate àti ọtí kì í gbé inú ẹ̀dọ̀ kan náà ní àlàáfíà, pé ohun tí a rẹ sínú ògógóró ti di èèwọ̀ fún mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ìyá Bọ́lá, kí ló dé tí ẹ kò ti sọ pé ẹ̀ ń lo oògùn mìíràn pọ̀ mọ́ ọn?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. N kò sọ fún wọn nípa oògùn ìrora ilé ìwòsàn, n kò sì sọ fún ilé ìwòsàn nípa tiwọn. Láàárín àwọn méjèèjì, èmi nìkan ni mo mọ gbogbo ohun tó ń wọ inú mi, èmi ni mo sì dákẹ́.

Àwọn ohun kan ṣì wà tí n kò jù nù. Mo ń fi ata ilẹ̀ àti ata ilẹ̀ pupa sí ọbẹ̀ àti tíì, ní ìwọ̀n oúnjẹ. Mo ń fi òrí gbígbóná wọ́ ọwọ́. Mo ń jẹ ẹja dáadáa, nítorí pé òróró ẹja wà lára ìwọ̀nba nǹkan tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó ń dín líle oríkèé kù díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni dókítà mọ̀. Àgbo inú ike tí ó ní nọ́ńbà NAFDAC kò sì tún lè tàn mí mọ́, nítorí pé lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti kọ ọ́ wínníwínní pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń wò náà wò.

Owó jẹ́ ọ̀ràn gidi, n kò ní fojú pa á rẹ́. Láti ọdún 2023 ni iye oògùn ti ń gun òkè, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìwé ìnáwó ilé wa, àgbo, àgúnmu àti ìpara oṣù 16 náà ti gba ₦118,000 lọ́wọ́ wa, láì ka gàrí tí mo fi dúpẹ́.

Ohun tí ó mú mi kọ èyí ni pé ẹlẹgbẹ́ mi kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún 24, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní àrùn yìí, ìdílé sì ti pín sí méjì lórí ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Mo ní kí wọ́n kó gbogbo ìgò tó wà nílé sínú báàgì kan, ti àgbo àti ti oògùn, kí wọ́n gbé e síwájú dókítà. Pé ilé ìwòsàn ńlá ti àwọn yunifásítì wà ní Ṣàgámù àti ní Ìlíṣàn, kò jìnnà sí wa. Mo sì ní kí ọmọ náà sọ fún wọn pé òun ń múra ìgbéyàwó, nítorí pé methotrexate ń ba oyún jẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ dá a dúró ṣáájú kí ó tó lóyún, àmọ́ àwọn oògùn mìíràn wà, bíi hydroxychloroquine, tí aboyún lè lò.

Wọ́n béèrè bóyá ọwọ́ mi ti san. Mo sọ òótọ́ fún wọn. Ìka méjì ṣì tẹ̀, ọmọ mi ló sì ń rin ewùrà títí di òní. Ní oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, wọ́n tún ya fọ́tò egungun ọwọ́ mi, dókítà sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ ti ọdún 2019 lójú iná. Ihò mẹ́ta náà wà níbi tí wọ́n wà. Mo fi ìka tọ oríkèé kan lẹ́yìn òmíràn, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí ìkẹrin.